Ọdẹ́jìnmí àti Ọbẹ̀ Onídodo ní Ìlú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ẹ darí èéfín iná yẹn síbòmíràn, kí ẹ fún mi láyè kí n na ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yáa wú u tán, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Ọlábọ̀dé, mo rí iṣu sísun tí o gbé síwájú mi, mo dúpẹ́. Mo sì rí i pé ìwọ fúnra rẹ kò tíì bù níbẹ̀. N kò sọ pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ o. Jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ ná.

Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi tí mo fi ọwọ́ òsì di ẹkùn ní ìrù mú, tí mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún fín aṣáà, iṣu kọ́ ló máa dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà. Páńsá kò fura, páńsá jáná. Àjà kò fura, àjà jìn. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí fura ju páńsá àti àjà lọ. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ibi tí kò bá sì sọ, mo mọ̀ ọ́n, torí ojú ọdẹ ń rí ohun tí ẹnu ọdẹ kò lè ròyìn tán.

Ìlú Apáòkè ni Ọdẹ́jìnmí ń gbé, ọkùnrin gíga, tínínrín, tí ojú rẹ̀ kì í sinmi. Bí o bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni ò ń kí, kó tó dá ọ lóhùn. Bí o bá fún un ní obì, yóò gbóòórùn rẹ̀. Ìwà yìí wúlò nínú igbó, ẹranko kan kò ká a mọ́ rí. Nínú ilé, wàhálà ló ń dá sílẹ̀. Adépèlé aya rẹ̀ nìkan ló lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kó má bínú.

Ní ọdún kan, Adépèlé lọ síbi ìṣílé ní àdúgbò kejì. Ó jẹ, ó mu, ó darí wálé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dákẹ́. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jẹun níbẹ̀ ni ara wọn le koko, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn tí Ọdẹ́jìnmí yóò gbọ́? Ó ní wọ́n fi nǹkan sí i lóúnjẹ ni. Nígbà tí wọ́n sin òkú tán, ó mú ọmọ kan ṣoṣo tí Adépèlé bí fún un, Ìbíwùmí, ọmọbìnrin kékeré tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, lọ sí ẹ̀yìn àká, ó sì kì í nílọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún un wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi báyìí. Bó bá tó àkókò, n óò tú u síta.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Ìbíwùmí kò jẹun mọ́. Àwọn ará ilé gbé ẹ̀kọ wá, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín wá, wọ́n se ẹ̀wà tí epo ń ṣàn lórí rẹ̀. Ọmọ náà yóò wo oúnjẹ, yóò wo ojú ẹni tó gbé e wá, yóò sì yíjú sí ògiri. Gúáfà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ká lẹ́yìnkùlé nìkan ló ń jẹ. Nígbà tó yá, kò lágbára àtidé ìdí igi gúáfà mọ́. Bàbá rẹ̀ pa etu, ó fi ẹ̀dọ̀ rẹ̀ se ọbẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì jáde kúrò nínú yàrá kí ojú má baà ti ọmọ. Nígbà tó padà dé, eṣinṣin ló bá lórí abọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ògúnsẹ̀yẹ, Olúọ́dẹ ìlú Apáòkè, àgbà tí irun imú rẹ̀ pàápàá ti funfun. Ó ní òun gbọ́ lẹ́nu bàbá òun pé lẹ́yìn Igbó Kùrukùru, ìlú kan wà ní ilẹ̀ Ítálì tí oúnjẹ ibẹ̀ dùn débi pé ọ̀fun tó ti kú a máa jí. Kí Ọdẹ́jìnmí lọ tọ́ ọ wò, kó mú èyí tó bá yẹ ọmọ rẹ̀ bọ̀, kó sì tètè, torí ọmọ náà kò lè dúró pẹ́. Àwọn ará ìlú náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò lè yí i. Ìlú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwa ọdẹ ń pè é.

Ẹ má bi mí bí Igbó Kùrukùru ti gùn tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ. Àwọn igi ibẹ̀ ń fi ohùn Adépèlé pe Ọdẹ́jìnmí lórúkọ, wọ́n ní kó wá jókòó, iṣu ti jinná. Kò dáhùn. Ó mọ̀ pé òkú kì í sun iṣu. Nígbà tó dé òpin igbó, ó bá iwin kan tó fẹ̀yìn ti òpó ẹnubodè, òpó kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ẹlẹ́nu-méjì ni wọ́n ń pè é: ẹnu kan wà níwájú, èkejì wà ní ìpàkọ́. Ti iwájú ń sọ̀rọ̀, ti ẹ̀yìn ń jẹ nǹkan lọ láìdákẹ́.

Ẹnu iwájú ní kò sẹ́ni tó ń kọjá láìdáhùn àlọ́. Ó ní, “Kí ló ń ṣọ́ ilé fún onílé, tí kì í jẹ́ kí olè wọlé, tó sì tún ń fi ebi pa onílé mọ́ inú ilé?”

Ọdẹ́jìnmí ní ajá ni. Ẹnu ìpàkọ́ rẹ́rìn-ín títí èérún oúnjẹ fi fò dà sórí ewé. Iwin náà ní irọ́ ni, ajá kì í fi ebi pa ẹnikẹ́ni. Ó ní kó máa wọlé lọ, ṣùgbọ́n bó bá ń bọ̀, kó mú ìdáhùn náà wá, kó sì mú oúnjẹ wá fún ẹnu ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí owó ibodè. Bí kò bá rí ìdáhùn, òun yóò rì í mọ́lẹ̀ síhìn-ín, yóò di òpó kejì. Ó wá fi ìrì fọ etí rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni èdè Ítálì ti ń dún létí rẹ̀ bíi Yorùbá, àfi pé ohùn wọn ń fà bíi ti àwọn ará ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, torí wọ́n jókòó láàárín yín.

Ìgbà tí Ọdẹ́jìnmí dé ìlú náà, ìgbà òtútù ni, ìgbà tí àlejò kì í wá. Gbogbo ilé ló yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan so mọ́ ti èkejì, o lè rìn yí ìlú ká nígbà òjò kí ẹ̀kán omi kan má kàn ọ́. Òpó ni lápá ọ̀tún, ìlẹ̀kùn ni lápá òsì. Wọ́n ti da àwọn àga dojú dé orí tábìlì níwájú àwọn ilé oúnjẹ. Kùrukùru bo ojú pópó. Kò rí èèyàn, ṣùgbọ́n aṣọ fèrèsé ń mì bó bá ti kọjá, òórùn oúnjẹ sì ń jáde láti inú ilé gbogbo. Ó ronú pé ìlú tí oúnjẹ ti ń ta sánsán báyìí, tí òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa jẹun, kí ni wọ́n ń fi oúnjẹ ṣe? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó fa àdá rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ yóò ti tètè tó o.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ni ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń yan èso lórí iná lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èso náà pupa rẹ́súrẹ́sú, èèpo rẹ̀ bẹ́, inú rẹ̀ funfun bí ẹran àwùsá. Ọkùnrin náà kò na ọjà, kò dá iye kan, ó kàn bu ẹ̀kúnwọ́ fún un, ó sì tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu. Ọdẹ́jìnmí ṣe ojú ayé. Ó já díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyẹlé kan tó ń rìn kiri níbẹ̀. Ẹyẹlé jẹ ẹ́, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ni òun náà bá ju ọ̀kan sẹ́nu. Ó dùn, ó rọ̀, ó ní Ìbíwùmí lè jẹ èyí, ó sì rọ ìyókù sínú àpò ọdẹ rẹ̀. Bó ti gbé e mì ni ọkùnrin náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú iná, tó ń da èso gbígbóná sẹ́nu tèèpotèèpo, tí omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ó dé ilé kan tí wọ́n fi ẹran kọ́ àjà. Wàrà dídì wà níbẹ̀ tó tóbi bí ẹsẹ̀ ọmọlanke. Ẹran kan tí wọ́n gún mọ́ra wà níbẹ̀ tó nípọn bí itan ọmọ tó sanra, ó pọ́n, ọ̀rá funfun tò sínú rẹ̀ tótòtó. Ọdẹ́jìnmí wò ó títí. Itan ta ni? Obìnrin tó ni ibẹ̀ ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, ó gé e pẹlẹbẹ, ó nà án sí i. Ológbò ni ọ̀rẹ́ wa fi dán an wò lọ́tẹ̀ yìí. Ológbò lá ètè. Òun náà jẹ ẹ́, ó sì dùn débi tí ó fi gbàgbé ara rẹ̀ tó pa ojú dé. Bó ti gbé e mì, aṣọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà ṣí, gbogbo ará ilé tú jáde, wọ́n ṣùrù bo ẹran àti wàrà bí ìjàlọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Eyín nìkan ló ń dún.

Háà! Ẹ̀rù ba Ọdẹ́jìnmí. Ó sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mìíràn, ó fara ti òpó, ó ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀. Ó ṣe jẹ́ pé gbígbé mì òun ni wọ́n ń dúró dè? Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bóyá bí oúnjẹ wọn bá ti dé inú ẹni, ẹni náà di tiwọn nìyẹn. Ó pinnu pé òun kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́ ní ìlú yìí, àfi bí ẹni tó ni oúnjẹ bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú òun. Èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má fojú burúkú wò ó.

Ibi tó fara tì yẹn, ẹnu ọ̀nà ìyá arúgbó kan ni. Ẹrisílíà ni orúkọ rẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ Basílíò, tí ó ti darúgbó bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí àlejò má dúró sínú òtútù. Ọdẹ́jìnmí fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ó rántí Ìbíwùmí. Bó bá padà láìtọ́ oúnjẹ ìlú náà wò tán, kí ni yóò sọ pé òun wá ṣe? Ó wọlé, ó jókòó sí ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti kọ ògiri.

Ẹrisílíà gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀, omi ẹran tó mọ́ lóló ló wà nínú wọn, ìdodo sì kún inú omi náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìdodo ni mo wí. Ìdodo kéékèèké, pẹ̀lú ihò rẹ̀ láàárín, bíi ti ọmọ tuntun. Gbogbo irun ara Ọdẹ́jìnmí dìde. Ó bèèrè pé ọmọ ìlú wo ni wọ́n gé e lára wọn. Ìyá náà ní ìyẹ̀fun ni, òun ló fọwọ́ ká a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹran lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá òun ń ṣe é. Kó jẹun.

Ọdẹ́jìnmí ní, “Màmá, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

“Àlejò ni í kọ́kọ́ jẹ.”

“Nílé tiwa, ẹni tó se oúnjẹ ni í kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀.”

“Nílé tiwa, ẹni tó se é kì í ṣáájú àlejò láé.”

Wọ́n wo ara wọn. Ọdẹ́jìnmí di èèkù àdá mú lábẹ́ tábìlì. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹ ò rí nǹkan bí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í kọ̀ láti tọ́ ọbẹ̀ ara rẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó mira. Ooru oúnjẹ ń lọ sókè, Basílíò sì na ọrùn síwájú, ó ń fa ooru náà símú, ó pa ojú dé bí ẹni tó ń mu ọtí. Ẹrisílíà gbé ṣíbí rẹ̀ dání, ó ń dúró. Ṣíbí náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó sì nawọ́ láti mú un, apá aṣọ rẹ̀ fà sókè, Ọdẹ́jìnmí rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Egungun ni, awọ ló bò ó. Ó ti rí irú ọrùn ọwọ́ yẹn rí, lórí ẹní, ní Apáòkè.

Ó fi èèkù àdá sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn?”

Ìyá náà ní láti ìgbà tí àlejò ìkẹyìn ti lọ ni. Ó wá sọ ọ́ fún un. Nígbà láéláé, àlejò kan tí ebi ń pa kanlẹ̀kùn ní ìlú wọn nígbà òtútù, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n ní kó dúró kí àwọn jẹ tán. Nígbà tí wọ́n jẹ tán, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú ilé gbogbo, kí òjò má baà pa àlejò mọ́, wọ́n sì búra pé ẹnu àwọn kò ní ṣáájú ẹnu àlejò. Nígbà ooru, àlejò ń wọ́ tìrítìrí, ìlú ń yó. Nígbà òtútù, wọn a se oúnjẹ lójoojúmọ́ bóyá ẹnìkan á wá, òórùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì fi ń gbé ẹ̀mí ró.

Ìgbà náà ni Ọdẹ́jìnmí rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àká. Ẹ gbọ́, àkókò ti tó, ẹ jẹ́ kí n tú ohun tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Lẹ́yìn àká lọ́jọ́ ìsìnkú, ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ nìyí: “Ìbíwùmí, oúnjẹ ló pa ìyá rẹ. Láti òní lọ, oúnjẹ yòówù tí wọ́n bá gbé fún ọ, ìbáà ṣe èmi bàbá rẹ ni mo gbé e, má fi kan ẹnu bí ẹni tó gbé e wá kò bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú rẹ.” Ó sọ ọ́ tán, ó gbàgbé. Ọmọ kò gbàgbé. Ta ni yóò sì tọwọ́ bọ abọ́ ọmọ òrukàn, aláìsàn, nílé wa? Àgbà tó bá jẹ nínú oúnjẹ ọmọdé, orin ni wọn yóò fi í ṣe. Gbogbo èèyàn ń fi ìwà ọmọlúàbí gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n ń bẹ ọmọ pé kó jẹun, wọ́n sì ń padà sẹ́yìn. Ọmọ náà ń wo ọwọ́ wọn. Ó ń dúró dè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí Ẹrisílíà ti ń dúró de Ọdẹ́jìnmí, gẹ́gẹ́ bí òun náà ti ń dúró de Ẹrisílíà. Ẹ̀rù tó ba Ọdẹ́jìnmí nígbà yẹn, ẹkùn kò dá irú rẹ̀ bà á rí. Òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ rẹ̀.

Kò wá ológbò, kò wá ẹyẹlé. Ó bu ìdodo kan pẹ̀lú omi rẹ̀, ó gbé e mì. Ó gbóná, ó dùn, omijé sì ń dà sínú abọ́ rẹ̀. Ẹrisílíà àti Basílíò dorí kọ abọ́ tiwọn. Bí wọ́n ti jẹ díẹ̀, Ọdẹ́jìnmí sọ ọ̀rọ̀ Ìbíwùmí fún wọn, ìyá náà sì di èyí tó kù sínú aṣọ funfun fún un, ó ní kó máa sáré lọ bá ọmọ rẹ̀. Ó tún bẹ̀ ẹ́ pé, bó bá ń lọ, kó má ṣe gba àárín pópó, kó gba abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa fẹnu kan ohun tí wọ́n bá nà sí i.

Ẹ̀yin ará, ǹjẹ́ ẹ ti rí ọkùnrin tó ń sáré tó ń jẹun rí? Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ń ṣí lápá òsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ń yọ jáde, ọwọ́ kan mú búrẹ́dì pẹlẹbẹ, òmíràn mú ẹran, òmíràn mú ife wáìnì, àwọn kan ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Kò gbóòórùn ọ̀kan. Kò bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ń já a, ó ń gbé e mì, ó ń sáré, ìdúpẹ́ sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ariwo ṣíbí. Inú rẹ̀ wú bí ìlẹ̀kẹ̀ tó bọ́ sómi? Rárá, ìlẹ̀kẹ̀ kì í wú. Ó wú bí gààrí.

Nígbà tó dé ẹnubodè, Ẹlẹ́nu-méjì ti gbẹ́ ihò òpó kejì sílẹ̀. Kò tíì bèèrè tí Ọdẹ́jìnmí fi dá a lóhùn. Ó ní, “Ìfura ni. Ó ṣọ́ ilé mi, ó sì ń fi ebi pa ọmọ mi nínú rẹ̀.” Ẹnu iwájú ní òótọ́ ni. Ẹnu ẹ̀yìn ní owó ibodè òun ńkọ́? Ọdẹ́jìnmí tú gbogbo àpò rẹ̀ dà sí i lẹ́nu, èso yíyan àti ìdodo inú aṣọ funfun, kò ku ẹyọ kan. Ó ti mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ni òun ń gbé lọ sílé.

Àwọn obìnrin ló bá nínú yàrá nílé, ẹ̀gbọ́n Adépèlé, Ṣíjúwọlá, ló ṣáájú wọn. Ojú wọn ti pọ́n. Olúọ́dẹ bi í léèrè láti ẹnu ọ̀nà pé níbo ni oúnjẹ tó lọ mú wà. Ó kọjá lọ sídìí ẹní. Ìbíwùmí wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù lára rẹ̀. Abọ́ ẹ̀kọ àti ẹ̀wà tí Ṣíjúwọlá gbé wá láàárọ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti tutù, ó ti dì. Ọdẹ́jìnmí jókòó sílẹ̀, ó fa abọ́ náà mọ́ra, ó sì bu òkèlè tó tóbi.

Ṣíjúwọlá figbe ta. “Bàbá Ìbíwùmí, oúnjẹ aláìsàn lẹ ń jẹ?” Èkejì ní orí rẹ̀ ti dàrú nínú igbó. Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìtìjú nítorí ìdílé. Ọdẹ́jìnmí ń jẹ lọ. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí i bó ti ń jẹ ẹ́, ó la ẹnu fún un kó rí i pé kò kù síbẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún bu òmíràn. Ìbíwùmí ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó wò ó títí, ó rí i pé kò ṣubú, kò fọwọ́ gbá inú mú, ó ṣì jókòó síbẹ̀.

Ìbíwùmí ní, “Bàbá, ṣé ó níyọ̀?”

Ọdẹ́jìnmí ní, “Ó níyọ̀.”

Ọmọ náà nawọ́ sínú abọ́.

Ibi tí mo bá a dé nìyí, ẹni tó bá sì sọ pé irọ́ ni, kó lọ bi Ẹlẹ́nu-méjì, èwo nínú ẹnu rẹ̀ ló wù ú. Ọlábọ̀dé, iṣu rẹ ti tutù, mo sì ti ń wò ọ́ láti ìṣáájú bí o ti ń wò mí. Sún mọ́ ibí. Mú ìhín, kí n mú ọ̀hún, ká jọ gbé e sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé mì, kó sọ fún èkejì bó bá níyọ̀.